Ọjọ́ Tí Olùpín Rí Òkunrẹ̀mí

"N kò rí ẹnikẹ́ni ní Òkunrẹ̀mí," ni Olùpín, ẹ̀rọ tó ń pín ìwòsàn, wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ ń lọ sí Òkè-Ìdẹ̀ra."

Dókítà Ìbíjọkẹ́ Fámúyìdé gbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ láìfẹnu kàn án. Láti ìgbà tó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwòsàn ló ti ń gbọ́ irú gbólóhùn yìí, ó sì ti mọ́ etí rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ti òwúrọ̀ yìí dún bí ìgbájú. Kò tíì pẹ́ tí ohùn agbẹ̀bí Òkunrẹ̀mí jáde láti inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ orí tábìlì, ohùn obìnrin tó ń fi agídí mú àyà rẹ̀ kó má baà já. Aboyún kan tó ń jẹ́ Bọ́látitó ti ń rọbí láti àná. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe, ọwọ́ ti ṣe é tán. Ẹ gbé ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ wá fún wa. Bẹ́ẹ̀ ló wí, ó sì tún un wí.

"Olùpín," ni Ìbíjọkẹ́ wí, "ta ló ń ṣàìsàn ní Òkè-Ìdẹ̀ra?"

"Kò tíì sí ẹni tó ń ṣàìsàn," ni ẹ̀rọ náà dáhùn. "Ọkàn àwọn bàbá kan níbẹ̀ ń lù lọ́nà tó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣàìsàn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ló sọ fún mi."

"Àwọn tí kò tíì ṣàìsàn," ni ẹnìkan wí láti òdìkejì tábìlì. Kò pariwo. Ńṣe ló sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Tísà Mọ́ṣebọ́látán ni. Òkunrẹ̀mí ló ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ níwèé nínú ilé-ẹ̀kọ́ tó léfòó lórí àgbá, níbi tó jẹ́ pé bí ìgbì bá dé, olùkọ́ á di pátákó mú, àwọn ọmọ á di olùkọ́ mú. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀. Òun ni àwọn ará Òkunrẹ̀mí yàn pé kó máa lọ jókòó fún àwọn lórí Àga Kejì.

Òfin Àga Kejì kò tíì pẹ́ nílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ilé-ìwòsàn kan kò gbọdọ̀ pàṣẹ lórí ara àwọn èèyàn tí kò sí ẹni wọn kankan nídìí tábìlì. Nígbà tí òfin náà jáde, ilé-ìwòsàn mìíràn gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ní ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á máa gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ. Òmíràn kì í ránṣẹ́ pe ẹni Àga Kejì àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Ìbíjọkẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí káfíńtà gbé tábìlì gígùn tó ti wà níbẹ̀ jáde, kó kan róbótó kan dípò rẹ̀, tábìlì tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. Ọjọ́ tí Tísà kọ́kọ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ dé èbúté lọ pàdé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò ó títí. Wọn ò tíì rí ọ̀gá àgbà tó lọ pàdé ẹnikẹ́ni lébùúté rí, àfi bó bá jẹ́ mínísítà.

Láti ojú fèrèsé yàrá náà, omi ni èèyàn ń rí, tó tẹ́ lọ títí dé ibi tí ojú mọ. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ìlú àtijọ́ wà. Bí omi bá fà, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan á yọ, àwọn apẹja á sì so ọkọ̀ mọ́ àgbélébùú rẹ̀. Orí omi yìí ni Òkunrẹ̀mí wà, ilé orí àgbá àti ilé orí ọparun, tó ń gòkè bí òkun bá gòkè, tó ń sọ̀ bí òkun bá sọ̀. Lókè rẹ̀ ni àwọn lékèélékèé ń fò kọjá, àwọn ẹ̀rọ funfun kéékèèké tó ń gbé oògùn àti ẹ̀jẹ̀ kiri. Ìlú orí òkè ni gbogbo wọn dorí kọ. Kò sí ọ̀kan tó yà sí ọ̀nà omi.

"Tísà," ni Ìbíjọkẹ́ wí, "ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Olùpín kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ̀gbà ló ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀, òun ló ń gbọ́ ọkàn, tó ń sọ fún un. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́, kò lè rí i. Ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń pín in. Kí ló dé tí kò sí ẹnì kan tó wọ̀ ọ́ ní Òkunrẹ̀mí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi wá," ni Tísà wí. "Àwọn tó ṣáájú yín kò bi wá. Wọ́n kàn ní aláìmọ̀kan ni wá."

"Mo ń bi yín báyìí."

"A wọ̀ ọ́ rí, Dókítà. Tọmọdé-tàgbà wa ló wọ̀ ọ́. Lọ́dún kan báyìí tí òjò pọ̀, ẹ̀gbà sọ fún olú-ìlú pé ikọ́ ń bá wa jà, pé pákó tútù tí a ń sùn lé ló fà á. Inú wa dùn. A rò pé oògùn ló ń bọ̀. Àwọn tó gbé àáké lọ́wọ́ ni wọ́n rán wá. Wọ́n ní ilé wa ló ń pa wá, wọ́n sì wó o nítorí ire wa. Wọ́n kó wa lọ sí àgọ́ kan létí igbó, lórí iyanrìn gbígbẹ. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ikọ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, láràárọ̀ tó bá jí, á máa wá àjẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wá a títí ó fi kú. Nígbà tí àwa tó kù padà sílé, ohun àkọ́kọ́ tí oníkálukú ṣe ni pé ó bọ́ ẹ̀gbà, ó jù ú sómi. Ohun tí ẹ rí lára wa lẹ fi lé wa kúrò nílé. Ta ni yóò tún ṣíṣọ lójú ara fún yín?"

Àgọ́ yẹn wà nínú ìwé tí Ìbíjọkẹ́ kà ní yunifásítì. Bí àṣeyọrí ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, pé ikọ́ dín kù. Kò sí ẹni tó kọ àjẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ojú obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì ṣe é bíi kó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n aboyún kan ń bẹ lórí ìkúnlẹ̀, àforíjì kò lè gbẹ̀bí.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ló béèrè.

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ni Tísà wí. "Ẹ ti ka òfin náà jù mí lọ."

Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbà bá sọ, inú àká kan ló ń lọ, àká náà sì ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe irin. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀gá àgbà ni. Bí olú-ìlú bá fẹ́ wo inú àká, ọ̀gá àgbà ni wọ́n ń pè, kò sì tíì sí ọ̀gá àgbà tó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ Òfin Àga Kejì lọ́hùn-ún, ẹ̀ka kan wà tí wọn kì í sábà kà sókè. Ọ̀gá àgbà lè pín kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú àwọn tí ẹni wọn jókòó lórí Àga Kejì. Bí ó bá ti pín in, àká àwọn èèyàn náà á kúrò ní ilé-ìwòsàn, á di tilé wọn. Ilé-ìwòsàn tó bá fẹ́ wò ó á béèrè, ẹni tó ni ara á sì dáhùn. Olú-ìlú kò ní lè fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ tí a bá sì ti pín, kò ṣeé so pọ̀ mọ́ àfi bí ìhà méjèèjì bá gbà. Kò tíì sí ilé-ìwòsàn tó dán an wò nítorí ìrù tí ẹ̀ka náà ní: ọ̀gá tó bá pín kọ́kọ́rọ́, kó dìde lórí àga lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ṣòfin ní àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pín agbára bí ẹni ń pín ẹran iléyá, kó tún wá jókòó máa gba ìyìn.

"Bí mo bá pín in," ni Ìbíjọkẹ́ wí, "ṣé Bọ́látitó á wọ ẹ̀gbà?"

"Ẹ bi í. Mi ò lè bá a wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níwèé, Tísà. Bí ẹ bá ní kó wọ̀ ọ́, á wọ̀ ọ́."

"Àwọn tó gbé àáké wá náà mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ," ni Tísà dáhùn.

Ìbíjọkẹ́ pe Òkunrẹ̀mí padà. Agbẹ̀bí gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí etí ẹni tó ń rọbí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó jáde, ohùn ọmọbìnrin tó ti rẹ̀ dé egungun, tó sì ń ṣọ́ èémí lò.

"Bọ́látitó, Dókítà Ìbíjọkẹ́ ni mo jẹ́. Tísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ kò ní wá bí Olùpín kò bá rí ọ. Lékèélékèé lè gbé ẹ̀gbà wá bá ọ báyìí. Ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

"Ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú?" ni Bọ́látitó béèrè.

Ìbíjọkẹ́ wo Tísà.

"Àgọ́ etí igbó ni ìyá mi kú sí, Dókítà," ni ọmọbìnrin náà wí. Ìrora mú un, wọ́n gbọ́ bí agbẹ̀bí ṣe ń sọ fún un pé kó mí, kó rọra mí. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti kéré sí i. "Bí kọ́kọ́rọ́ bá máa wà nílé wa, ẹ gbé e wá, mo máa wọ̀ ọ́. Bí kò bá ní wà nílé wa, kí Màmá agbẹ̀bí ṣe èyí tí wọ́n bá lè ṣe."

Ìpè náà ṣì wà lórí ìlà nígbà tí dígí ara ògiri mọ́lẹ̀, tí ojú Alábòójútó Láṣebìkan yọ láti olú-ìlú. Olùpín ló ti sọ fún un, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá yẹn, olú-ìlú gbọ́dọ̀ mọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Láṣebìkan, kò burú. Ó kí Tísà kó tó kí Ìbíjọkẹ́, nítorí àgbà.

"Dókítà," ló wí, "mi ò ní dẹ́rù bà yín. Òfin fún yín láyè. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rò ó ni. Ta ló gbé tábìlì róbótó síbẹ̀? Ẹ̀yin ni. Ta ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá dìde lónìí, ẹlòmíràn ló máa jókòó. Ẹni tó bá jókòó náà lè gbé Tísà padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn èèyàn tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ló máa pàdánù yín. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ránṣẹ́ sí agbẹ̀bí, kó gbìyànjú. Nígbà tí a bá pàdé lóṣù tó ń bọ̀, mo ṣèlérí fún yín, ọ̀rọ̀ Òkunrẹ̀mí la máa kọ́kọ́ sọ."

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìbíjọkẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rántí bí ó ti jẹ́ dókítà kékeré tí ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí kan náà, tó máa ń dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rò ó wò pé bí òun bá dé orí àga lọ́jọ́ kan, gbogbo nǹkan á yàtọ̀. Ó dé orí àga. Nǹkan sì yàtọ̀ lóòótọ́. Tábìlì yàtọ̀, ìkíni yàtọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn parí kí a tó dáhùn. Ilé àwọn ọmọdé náà á parí lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀ bí òun bá wà ńbẹ̀. Àbí kò ní parí?

Tísà kò tì í. Ó ń wo omi. Ìbíjọkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá sọ pé rárá, obìnrin yìí á dìde, á kí òun pé ó dàbọ̀, á wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé lọ jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ń kú lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan," ni Ìbíjọkẹ́ wí nígbẹ̀yìn, "gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí, ẹ má rò pé kò bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i. Bó bá jẹ́ pé nítorí èmi nìkan ni Tísà fi rí ibi jókòó, a jẹ́ pé wọn ò tíì rí ibi jókòó. Wọ́n kàn rí ẹni tó ṣàánú wọn ni. Bí mo bá kú lálẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé àánú náà ò ní bá mi wọ sàréè?"

Òkúta dúdú kan tẹ́ láàárín tábìlì róbótó náà, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ohunkóhun tó bá tóbi. Ìbíjọkẹ́ tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé e.

"Olùpín, pín in," ló wí.

"Dókítà Ìbíjọkẹ́ Fámúyìdé," ni Olùpín wí, "bí ẹ bá pín kọ́kọ́rọ́, ẹ kì í ṣe ọ̀gá àgbà mọ́. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Tísà tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìbíjọkẹ́. Ìka rẹ̀ gbẹ. Òkúta náà móoru lábẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó sì tún tutù. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà. Lókè, lékèélékèé kan tó ti dorí kọ òkè yí ìyẹ́ padà, ó sì fò sí ọ̀nà omi.

Wọ́n dúró. Láṣebìkan náà kò kúrò nínú dígí. Láti inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìyẹ́ lékèélékèé náà bó ṣe ń bà sórí pákó, wọ́n gbọ́ tí agbẹ̀bí ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni, rárá, òsì, wọ́n gbọ́ bí nǹkan kan ṣe dún kẹ̀ǹ. Lẹ́yìn náà ni Olùpín sọ̀rọ̀.

"Mo rí ẹnìkan ní Òkunrẹ̀mí."

Ìbíjọkẹ́ gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo rí ẹni méjì," ni Olùpín tún wí. "Ọkàn kékeré kan ń bẹ lábẹ́ ọkàn ńlá. Ó ti ń rẹ kékeré náà. Ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ ti yí padà, yóò yà ní èbúté gbé dókítà."

Ẹni tó dìde lórí àga kì í ṣe pé ó dìde lórí iṣẹ́. Ìbíjọkẹ́ bọ́ àmì ọ̀gá àgbà tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté bí dókítà èyíkéyìí tí wọ́n bá pè. Tísà tẹ̀ lé e, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú.

Ìgbì ga lọ́jọ́ náà. Nínú ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ, ọwọ́ irin méjì rọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé sórí ibùsùn. Wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè mọ ìgbì kí ìgbì tó dé, kí ọkọ̀ máa jó, kí ọ̀bẹ má jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Òkunrẹ̀mí, tí wọ́n gbé Bọ́látitó wọlé, ọkọ̀ náà ń gbọ̀n débi pé ọwọ́ irin kọ̀ láti sún mọ́ ọn. Iná pupa tàn lára wọn. Omi yìí ti ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ.

Agbẹ̀bí ló yọ orí síta tó pariwo sí àwọn ará ilé. Kò gba àlàyé púpọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà gbogbo ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti ń jáde, obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin, tí oníkálukú ń tu àjẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ ńlá náà ká, wọ́n sì fi okùn so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí wọ́n fi di ọgbà yí i ká. Ìgbì ń dé, ó ń fọ́ mọ́ wọn lára, ó ń rin wọ́n gbingbin, èyí tó sì ń wọlé dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ kò ju kó mì lẹ̀gbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Iná pupa kú. Ọwọ́ irin sọ̀ kalẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀wọ́ tó ń darí wọn. "Bọ́látitó, ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Oògùn ti wọ̀ ọ́ lára. Wàá mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní dùn ọ́. Tísà ń di ọwọ́ rẹ mú."

Ó gé, ó sì wá ọmọ náà lọ sí ibi tó dábùú sí. Ó rí ẹsẹ̀, ó rí ìbàdí, ó rọra yí i. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, agbẹ̀bí sì ń bá a nù ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ọmọbìnrin ni. Ó rọ̀ bí aṣọ tútù, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró, kò sì ké. Agbẹ̀bí gbà á lọ́wọ́ irin, ó dojú rẹ̀ dé, ó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó fa itọ́ ẹnu rẹ̀, ó tún ra á lẹ́yìn. Ìbíjọkẹ́ kò lè yíjú wò, ẹ̀jẹ̀ ìyá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń dá dúró. Ńṣe ló kàn tẹ́tí. Níta, gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń tẹ́tí.

Ọmọ náà sín. Lẹ́yìn tó sín ló wá ké, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n jẹ́ ní gbèsè igbe.

Ìgbà tí Ìbíjọkẹ́ rán ojú ọgbẹ́ tán, tí wọ́n ti gbé Bọ́látitó lọ sínú ilé-ẹ̀kọ́, níbi tó dúró ṣinṣin jù ní Òkunrẹ̀mí, ó jókòó sórí pákó ìta, ó na ẹsẹ̀ sómi. Tísà wá jókòó tì í. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, "Dókítà" àti "ẹ̀yin" ni Tísà fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìbíjọkẹ́," ló wí báyìí, "o ti jẹun?"

Ìbíjọkẹ́ mi orí pé rárá. Ìyá rẹ̀ ló ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Wọ́n gbé ẹja yíyan àti pupurú wá fún un. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí dé, kì í ṣe láti wo ọmọ nìkan. Lékèélékèé ti kó ẹ̀gbà wá sínú agbọ̀n kan, wọ́n dúró ti agbọ̀n náà bí ẹni dúró ti ajá tó ti gé wọn jẹ rí. Àwọn ìyá ọmọ wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ mú un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń bi Tísà pé ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà, Tísà á sì nawọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá arúgbó kan ní òun kàn wá wòran ni. Ó yí agbọ̀n ká, ó bínú sí i, ó sọ̀rọ̀ àgọ́ sí i, nígbà tó sì tó àkókò tí ikọ́ rẹ̀ mú un, ó mú ẹ̀gbà kan, ó fi sí ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò tíì dárí jì wọ́n, ẹsẹ̀ ló ṣàánú.

Kí oòrùn tó rọ̀, Láṣebìkan pè. Kò lo dígí. Ohùn rẹ̀ nìkan ló wá.

"Dókítà, mo bá yín yọ̀. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ìgbìmọ̀ olú-ìlú ti pàdé. Níwọ̀n bí kọ́kọ́rọ́ ti di méjì, ẹni tó máa jókòó sórí Àga Kìíní tí ẹ dìde lórí rẹ̀, Òkunrẹ̀mí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń rò ó láti gbé ẹnikẹ́ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò ní dé ibẹ̀. Àwọn ilé-ìwòsàn méjì ti bi mí lónìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ọ̀gá wọn fúnra wọn ló pè. Ibi tí mo jókòó sí yìí, mi ò rò ó rí pé mo lè rí ẹni tó máa ṣe é."

"Ilé àwọn ọmọdé ńkọ́?" ni Ìbíjọkẹ́ béèrè.

"Mi ò lè ṣèlérí, mà. Ẹni tó bá jókòó ló máa sọ."

Ó dùn ún. Kò díbọ́n pé kò dun òun. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Lórí omi, ọkọ̀ iṣẹ́-abẹ ṣì so mọ́lẹ̀, kò lọ, nítorí bí Olùpín ti rí iye ara tó wà ní Òkunrẹ̀mí àti bí wọ́n ti nílò ìwòsàn tó, ó ti kéde pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà á máa sùn láti òní lọ. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìṣirò tirẹ̀ ni, ìṣirò kan náà tó ti ń ṣe látọjọ́ yìí. Ọkọ̀ sì nílò dókítà tó máa gbé inú rẹ̀. Ìbíjọkẹ́ ti fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó jẹun tán.

Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ láti wo ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bọ́látitó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé, ó gbé ọmọ sáyà, ojú rẹ̀ ti wọnú ṣùgbọ́n ó ń dán. Tísà jókòó sórí àga kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ọmọ kíláàsì kìíní, ó ń bá ẹ̀rọ tuntun orí ògiri sọ̀rọ̀, níbi tí àká Òkunrẹ̀mí wà báyìí.

"Mo ti sọ fún un," ni Tísà wí fún Ìbíjọkẹ́. "Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, á kọ́kọ́ kí i. Kò sí ọmọ tí mo kọ́ tí kò mọ ìyẹn."

"Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìkókó," ni Olùpín wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ti ń padà bọ̀ sípò. Ṣé ẹ gbà kí n wò ó?"

Bọ́látitó kò gbé orí sókè. Ó ń tún orí ọmọ rẹ̀ ṣe sí apá, ó ń wá bí ẹnu kékeré náà ṣe máa bá ọmú pàdé.

"Dúró ná," ló wí. "Mò ń fún ọmọ lọ́mú."

Olùpín sì dúró.